Yíǹkì Pupa Lórí Ọgọ́fà Ìwé: Ìgbésí Ayé Don Olegario Colivoro Raín, Awọnlẹ̀ Erékùṣù Lincay (1934–2019)

Erékùṣù Laitec ni wọ́n ti bí Bàbá wa, Olegario Colivoro Raín, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1934, nínú ilé onípákó tó kọjú sí Quellón. Belisario Colivoro ló bí wọn, agégi sípírẹ́sì, ọmọ Juan Colivoro tó gbẹ́ pẹpẹ ilé ìjọsìn tí a ti ń ṣe ìsìn lónìí. Ìyá wọn ni Tránsito Raín, láti inú àwọn Raín ti Cailín. Àwọn Raín yìí, ẹnikẹ́ni kì í bá wọn du ìṣáwùrú létíkun. Kí o tó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ, wọ́n ti kó o tán. Ibi tó dáa ni Bàbá ti wá, ní ìhà méjèèjì.

Ẹbí ní kí èmi Nolfa, ọmọ wọn kejì, kọ ìtàn yìí, torí pé mo ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi Isaías ní kí n má jẹ́ kó gùn. Ẹni tó bá rí i pé ó gùn, kó lọ bá Isaías.

Ní ọdún 1942, Bàbá wọ iléèwé kan ṣoṣo tó wà ní Laitec, wọ́n sì ka ìwé dé kíláàsì kẹfà. Ìwé tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí máàpù ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú bí wọn sí ìwé náà, torí Laitec kò sí níbẹ̀. Tíṣà ní kí wọ́n mú lẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tẹ àmì rẹ̀ sí i fúnra wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n nígbà náà, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn iléèwé, ìyá wọn ló ń kó wọn lọ sétíkun. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Bí òkun bá kún, a ó wọlé, a ó mu tíì máté. Bó bá fà sẹ́yìn, a ó gbé apẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú ọmọ Laitec, etíkun tí omi ti kúrò lórí rẹ̀ ni etíkun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló kó Bàbá sí wàhálà lẹ́yìn ọ̀la.

Oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ wá. Bàbá àgbà wa Belisario àti agégi méjì mìíràn ń bọ̀ láti gúúsù nígbà tí ìjì gbé ọkọ̀ wọn lọ sí ẹ̀yìn Lincay, níbi tí òkun ńlá ti ń kọlu àpáta, ó sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gúnlẹ̀ láàyè. Ní iwájú erékùṣù yẹn kan náà, níbi tí omi ti pa rọ́rọ́, ahéré àwọn agégi wà, oúnjẹ wà níbẹ̀, ọkọ̀ sì wà. Ìrìn ààbọ̀ ọjọ́ ni láti ẹ̀yìn dé iwájú, fún ẹni tó bá mọ ọ̀nà. Àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n ń gbé inú ọkọ̀ máa ń wọ́ ọkọ̀ wọn gba àárín erékùṣù náà kọjá. Gbogbo àgbà ló ti gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n igbó ti bo ẹnu ọ̀nà náà láti ìgbà pípẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí i. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó rí òkú wọn lábẹ́ àtíbàbà ewé. Bàbá àgbà ti fi ọ̀bẹ gé àmì mọ́kànlá sára àjẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Àjẹ̀ náà ṣì wà lára ògiri ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ kó wọlé lọ wò ó.

Bàbá kì í sọ̀rọ̀ ikú yìí púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, nígbà tí mo ń lọ iléèwé olùkọ́. Wọ́n ní, “Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá mi fi wà láàyè níbẹ̀, Nolfa. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kọ̀rọ̀ etíkun báyìí ni kó wọ̀.”

Ní ọdún 1958, àwọn awọnlẹ̀ ìjọba dé sí Quellón, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀. Ọ̀pá náà ga ju èèyàn méjì lọ, wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun. Iṣẹ́ ẹni tó bá dì í mú kò ju kó dúró gan-an nínú òjò, kí ọ̀gá tó wà lókè lọ́hùn-ún fi awò rẹ̀ wò ó. Bàbá gba iṣẹ́ náà. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń jókòó sẹ́yìn àwọn ọ̀gá nínú àgọ́, tí wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń ya ohun tí wọ́n wọ̀n. Nígbà tó di ọdún 1965, àwọn náà ti ń yà á, tiwọn sì mọ́ ju ti àwọn ọ̀gá lọ. Ẹnjinníà Urrejola tó wá láti Santiago bi wọ́n pé, “Ta ló kọ́ ọ?” Bàbá ní, “Ọ̀pá yìí ni, ọ̀gá. Ẹni tó bá dúró tì í fún ọdún méje, á gbọ́ èdè ẹ̀.”

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1963 ni Bàbá gbé Zunilda Chiguay Paredes níyàwó, ọmọ ahunṣọ láti Coldita. Màmá kò tètè gbà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ létí òkun ni gbogbo Coldita fi ń rẹ́rìn-ín títí dòní: “Olegario, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń rí ẹ. Ṣé ọkọ ni mo fẹ́ fẹ́ ni, àbí Kérésì?” Bàbá ní, “Kérésì kì í tàsé, Zunilda.” Wọ́n fẹ́ra wọn. Pòtétò gbígún àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n jẹ níbi ìgbéyàwó náà, Don Baudilio Teca, ọ̀rẹ́ Bàbá tó ni ọkọ̀ tó gbé ìyàwó wá, sọ pé òun kò tún jẹ irú rẹ̀ mọ́.

Láti ọdún 1966 dé 1970 ni Bàbá àti Ẹnjinníà Urrejola fi wọn Lincay. Ẹ̀yin tí ẹ ti gé igi níbẹ̀ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Èèyàn kì í tẹ ilẹ̀ níbẹ̀. Orí gbòǹgbò igi tepú ni èèyàn ń rìn, èyí tó lọ́ mọ́ra wọn ní gíga èèyàn kan sókè ilẹ̀, ọ̀rinrin sì bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbọ́pàá ló máa ń gbé ọ̀pá dúró sórí gbòǹgbò, tí wọn yóò sì pe gbòǹgbò ní ilẹ̀. Bàbá kò gbà. Wọn á dọ̀bálẹ̀, wọn á na apá sísàlẹ̀ títí wọn á fi kan ilẹ̀ gidi, ibẹ̀ ni wọn á ti gbé ọ̀pá náà dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ tí kò gùn ju láti ilé ìjọsìn yìí dé èbúté wa. Ẹnjinníà ráhùn, ṣùgbọ́n ó dúró.

Oṣù kejì ọdún 1969 ni wọ́n rí ọ̀nà náà. Orókún ẹnjinníà ti wú, ó wà nínú àgọ́ ní iwájú erékùṣù. Bàbá àti gégigégi kan ló wọ inú igbó. Wọ́n rí ìtì igi tó ti jẹrà, tí wọ́n tò ní ìbú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀ ṣe máa ń tò ó. Wọ́n tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ kò ga, ó rọrùn, ilẹ̀ rẹ̀ le. Nígbà tí wọ́n jáde sí ẹ̀yìn, kọ̀rọ̀ tí wọ́n jáde sí ló tẹ̀ lé èyí tí bàbá wọn kú sí gan-an. Gégigégi yẹn sọ fún wa pé Bàbá jókòó sórí iyanrìn, wọ́n bọ́ fìlà, wọn ò sì dé e títí ó fi tó àkókò láti jẹun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi ya etíkun ẹ̀yìn yẹn, àwọn nìkan, torí orókún ẹnjinníà kò jẹ́ kó wá. Bí òkun bá kún, wọn á padà sábẹ́ igi. Bó bá fà, wọn á gbé ọ̀pá, wọn á rìn lórí iyanrìn, wọn á máa yà. Láti ibi àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Àpáta Ṣóńṣó, wọ́n ka kọ̀rọ̀ tí òkun yọ́ wọ inú ilẹ̀: kìíní, kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Nínú ìkẹrin ni ẹnu ọ̀nà wà.

Ọdún 1971 ni wọ́n tẹ máàpù náà jáde, ọgọ́fà ìwé tó jọra, nọ́ńbà tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ẹnjinníà wà nísàlẹ̀, orúkọ Olegario Colivoro sì wà lábẹ́ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò tẹ orúkọ agbọ́pàá sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gúúsù níbí. Wọ́n kọ “Ọ̀nà Belisario” sí àárín igbó, wọ́n sì kọ sí etí òkun pé: “Ẹnu ọ̀nà: kọ̀rọ̀ kẹrin láti Àpáta Ṣóńṣó.” Ìwé náà lọ sí gbogbo èbúté, ó wọ inú ọkọ̀, ó wọ iléèwé. Ọ̀kan wà nílé ìdáná wa. Màmá máa ń dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni dúró síwájú ère mímọ́, ẹ má sọ fún fadá.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí Isaías ní kí n fò. Mi ò ní fò ó, torí Bàbá fúnra wọn kò fò ó rí.

Oṣù kẹjọ ọdún 1974, Bàbá wà nínú ọkọ̀ Don Baudilio lẹ́yìn Lincay. Òkun ru, ó sì kún dé ẹsẹ̀ igi. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò fojú kan etíkun yẹn láti orí omi, nígbà tí òkun kún. Wọ́n ka kọ̀rọ̀ láti Àpáta Ṣóńṣó, ojú wọn sì yí padà.

Wọ́n ní, “Baudilio, bá mi ka kọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn.”

Don Baudilio ní, “Mẹ́ta ni, lẹ́yìn náà ògiri àpáta.”

“Tún un kà.”

“Olegario, ọkọ̀ ni mò ń wà, mi ò wá síléèwé. Mẹ́ta ni.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ohun tó ya kọ̀rọ̀ kejì kúrò lára ìkẹta kì í ṣe ilẹ̀. Òkúta ni, tí òkun máa ń bò mọ́lẹ̀ pátápátá bó bá kún, tí méjèèjì á sì di ọ̀kan. Bàbá yà á bí ilẹ̀ torí ìgbà tí òkun fà ni wọ́n rí i, ìgbà yẹn nìkan sì ni ọmọ Laitec mọ̀ sí ìgbà iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá fọ́, ìgbà tí òkun kún, tí ìjì ń jà ló ń gúnlẹ̀. Bí ẹni yẹn bá mú máàpù Bàbá dání, tó ka mẹ́rin, yóò kọjá ẹnu ọ̀nà, yóò wọ kọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ògiri àpáta yẹn, níbi tí àpáta yí iyanrìn ká, tí omi á sì há a mọ́bẹ̀. Máàpù tí wọ́n yà nítorí ikú bàbá wọn lè pa bàbá ẹlòmíràn. Bàbá kò fi ẹ̀bi náà sí orókún ẹnjinníà. Wọ́n ní, “Èmi ni mo yà á.”

Wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó tẹ ìwé náà. Ọ́fíìsì ní àṣìṣe kékeré ni, pé àwọn yóò tún un ṣe bí àwọn bá tún un tẹ̀. Ìgbà wo? Kò sí ẹni tó mọ̀. Bàbá wá ra yíǹkì pupa ní Quellón. Ìwé ilé ìdáná wa ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Wọ́n sọ ilẹ̀ yẹn di tótótó, àmì òkúta tí omi ń bò, wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ àtijọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé: “Bí òkun bá kún, kọ̀rọ̀ kẹta. Bó bá fà, kọ̀rọ̀ kẹrin.” Wọ́n fọwọ́ sí i: O.C.R. Wọ́n ní ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́fà.

Ogún ọdún ni wọ́n fi wá wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n ní Don Yíǹkì Pupa. Wọ́n wọ ọkọ̀ kiri, láti Melinka dé Aysén, láti Aysén dé Punta Arenas, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ilé ọtí kan fi ìwé náà bo tábìlì ayò. Ọlọ́tí ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ bá òun ta ayò káàdì kan, Bàbá ta á, wọ́n pàdánù, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sí i láàárín ife. Tíṣà kan ti gé tirẹ̀ sí mẹ́rin láti fi bo ìwé àwọn ọmọ. Ilé mẹ́rin ni Bàbá lọ. Ní èbúté kan, ọ̀gá èbúté ní kí wọ́n gbé gègé wọn sílẹ̀. “Ìwé ìjọba nìyẹn, bàbá.” Bàbá ní, “Ìjọba kọ́ ló yà á, ọmọ mi. Èmi ni.” Wọ́n sì kọ ọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ojú ń tì mí nígbà náà. Ọmọ iléèwé ni mí, gbogbo èèyàn ń sọ pé bàbá mi ń kiri kéde àṣìṣe ara rẹ̀. Mo bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ní, “Àṣìṣe tèmi kọ́ ni mò ń lé, Nolfa. Ìwé ni mò ń lé.” Ó pẹ́ kí n tó lóye.

Oṣù keje ọdún 1983, ọkọ̀ Rosa Ester fọ́ sí ẹ̀yìn Lincay pẹ̀lú òmùwẹ̀ márùn-ún tó ń wá ìṣáwùrú lábẹ́ omi. Òkun kún, yìnyín ń bọ́. Ìwé nọ́ńbà méjìléláàádọ́ta wà nínú àpò ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gá ọkọ̀ náà, Don Evaristo Lepío. Wọ́n ka kọ̀rọ̀ mẹ́ta, wọ́n wọlé, wọ́n rí ọ̀nà, wọ́n sì dé ahéré iwájú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn márààrún wá sí Laitec láti dúpẹ́, wọ́n gbé ọ̀dọ́ àgùntàn kan wá. Don Evaristo ní, “Ìlà pupa yẹn la tẹ̀ lé. Dúdú ì bá pa wá.” Bàbá ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹun. Lẹ́yìn náà wọ́n yẹ ìwé náà wò bóyá omi ti ń pa yíǹkì rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì tún un kọ.

Nípa ìgbàgbọ́, ọmọ Ìjọ Àgùdà tòótọ́ ni Bàbá. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi jẹ́ fiscal ilé ìjọsìn yìí, tí wọ́n ń darí àdúrà nígbà tí fadá kò bá lè dé, àní ẹ̀ẹ̀melòó ni fadá máa ń lè dé? Ní gbogbo ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ ni wọ́n ń lọ sí Caguach, lọ sọ́dọ̀ Jésù ará Násárẹ́tì. Nípa iṣẹ́ ìlú, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Laitec bí a ti ń ka máàpù, láìgba ohunkóhun. Ní ọdún 1991 tí a fi ọ̀wẹ̀ wọ́ odidi ilé onípákó Doña Melania tó jẹ́ opó gba orí omi kọjá, Bàbá ló sọ wákàtí tí òkun yóò kún. Ẹnì kan ní ṣé ó dá wọn lójú. Gbogbo etíkun rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní láti ọdún 1974, òkun kì í kún lẹ́yìn àwọn mọ́.

Wọ́n tún máàpù náà tẹ̀ ní ọdún 1990, ó sì tọ̀nà. Orúkọ Bàbá kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Inú bí àwa ọmọ, Isaías fẹ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Bàbá bèèrè pé, “Ṣé wọ́n fi kẹta àti kẹrin sí i?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ọ̀nà Belisario ńkọ́?” A ní ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Kí lẹ tún ń wá?” Ṣùgbọ́n wọn kò dáwọ́ dúró, torí ìwé àtijọ́ kì í kú. Òmùwẹ̀ á jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, á sì gbà á gbọ́. Nígbà tó di ọdún 1994, wọ́n ti rí mọ́kàndínlọ́gọ́fà. Ó ku ẹyọ kan: nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Ẹyọ kan yìí ló gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó kẹ́yìn ayé Bàbá. Ìwé ọ́fíìsì fi hàn pé Ẹnjinníà Urrejola ló mú un, ẹnjinníà sì ti kú láti ọdún 1973. Bàbá kọ̀wé sí opó rẹ̀ ní Santiago. Ó fèsì pé ọkọ òun fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní gúúsù, òun kò mọ ẹni náà. Ní gúúsù! Ìyẹn ni pé ó wà lọ́wọ́ ẹni tó lè wọ ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tí rédíò bá sọ pé ọkọ̀ kan kò tíì padà, Bàbá á dúró gan-an bí ẹni di ọ̀pá mú, títí wọn á fi gbọ́ pé wọ́n ti rí i.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún yìí, Bàbá mu máté wọn, wọ́n bi mí bí òkun ṣe rí. Mo ní ó ń kún. Wọ́n ní, “Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ńkọ́?” Mo ní a ò tíì rí i, Bàbá. Màmá dìde, wọ́n lọ kó igi sínú ìdáná, bẹ́ẹ̀ iná náà ń jó dáadáa. Bàbá di ojú láti sinmi díẹ̀, wọn kò sì là á mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Bàbá fi ìyàwó sílẹ̀, Doña Zunilda Chiguay. Àbúrò wọn obìnrin, Doña Auristela. Àti ọmọ mẹ́rin: Isaías tó ń kan ọkọ̀ ní Quellón, èmi Nolfa, Erita tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Castro, àti Delfín tó ń pẹja ní Melinka. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn, Yarela, ń kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní Valdivia. Ó ti sọ fún àwọn tíṣà rẹ̀ pé ìgbà tí òkun bá kún ni kí wọ́n mú òun lọ wo etíkun. Wọ́n rí ọmọ méjì tí àwọn ọmọ-ọmọ bí. Don Evaristo Lepío wà lára àwọn tí yóò gbé pósí lọ sí itẹ́ òkú. Òun ló bẹ̀ wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Màmá ló ní kí n kọ ọ́, torí náà ẹ má bínú sí mi, ẹ má sì bínú sí wọn.

Ní àná, Màmá ní kí n bá àwọn gbé àpótí aṣọ ìgbéyàwó wọn sórí tábìlì ilé ìdáná. Lábẹ́ aṣọ náà ni ìwé kan wà tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Mo yí i padà, mo rí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Ẹnjinníà ti fi ránṣẹ́ sí Màmá ní ọdún 1972, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé: “Fún Doña Zunilda, ẹ̀yin tí ẹ yá wa ní ọkọ yín fún ọdún mẹ́rin. Kò sí àṣìṣe kan lára ọkọ yín.”

Inú bí mi. Mo ní, “Màmá, ẹ̀ ń wo Bàbá bí wọ́n ṣe ń wá a títí wọ́n fi kú.”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Gbogbo ayé ń pè é ní Yíǹkì Pupa. Mo ní kí ìwé kan ṣoṣo wà láyé tó máa sọ pé ọkọ mi ò ṣàṣìṣe. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìgbéraga ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ń tì mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti pẹ́ jù. Àpótí mi ló wà, Nolfa, kò wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni rí.” Wọ́n nu ojú. “Gbé yíǹkì ẹ̀ wá.”

Mo gbé e wá, mo sì di etí ìwé náà mú kó má ká. Màmá kò béèrè ohun tí wọn yóò kọ. Wọ́n ti rí Bàbá tí ń fi ìka yà á sínú ìyẹ̀fun lórí tábìlì yẹn fún ọdún márùnlélógójì. Wọ́n sọ ilẹ̀ yẹn di tótótó. Wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ àtijọ́, wọ́n kọ kẹta, wọ́n kọ kẹrin, wọ́n sì fọwọ́ sí i: Z.Ch.P. Mo nawọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹnjinníà tó wà létí ìwé, mo bi wọ́n bóyá kí a fagi lé ìyẹn náà. Wọ́n dé yíǹkì wọn. Wọ́n ní rárá o, ìyẹn tọ̀nà.

Ìwé náà wà lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Bàbá nínú pósí. Ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ wá bá wa dárò, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Kí Jésù ará Násárẹ́tì mú gbogbo yín délé kí ìjì tó dìde, kí òkun má gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ yín.

Ọgọ́fà ti pé, Bàbá. Ẹ sùn re.